Wolé-wolé ń bọ̀ o! Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ikú awakùsà 29 ní Upper Big Branch

Bí ọ̀rọ̀ èédú inú ilẹ̀ bá ti jáde, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Enugu láyé ọjọ́un tí ọkọ̀ ojú irin fi ń rìn, ìtàn Upper Big Branch ní Amẹ́ríkà ló máa ń wá sí mi lẹ́nu. Ìbéèrè tó sì máa ń tẹ̀ lé e ni pé, ìlú tó ní òfin rẹpẹtẹ, tó lówó, tó ní àjọ fún gbogbo nǹkan, báwo ni irú ìyẹn ṣe ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí. Àwọn kan gùn, àwọn kan kò gùn.

Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an?

Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin ọdún 2010, ọjọ́ kejì ọdún Àjíǹde. Aago mẹ́ta ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ibi ìwakùsà náà wà ní Montcoal, ìpínlẹ̀ West Virginia. Massey Energy ló ni ín, lábẹ́ orúkọ ọmọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Performance Coal.

Ẹ̀rọ ńlá kan wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ níbẹ̀ tó ń fá èédú lára ògiri bí ẹni ń rin gbágùúdá. Eyín ẹ̀rọ náà ti jẹ. Omi tó yẹ kó máa fọ́n sí i lára kí iná má baà ṣẹ́ kò fọ́n bó ṣe yẹ. Eyín ha òkúta, iná ṣẹ́ pàrà, gáàsì methane tó ti kóra jọ síbẹ̀ sì gbà á. Ká ní ibẹ̀ ló mọ ni, àwọn tó wà nítòsí nìkan ni ì bá fara gbá a. Ṣùgbọ́n eruku èédú wà nílẹ̀, ó wà lára ògiri, ó wà lókè àjà. Eruku yẹn ni iná náà ń jẹ lọ bí ìgbà tó bá wọ pápá gbígbẹ lásìkò ọyẹ́, ó sì rìn ju máìlì méjì lọ lábẹ́ ilẹ̀. Èèyàn 29 ló kú.

Ṣé kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí eruku náà ni?

Ó wà, kò sì wọ́n. Òkúta ẹfun ni wọ́n máa ń lọ̀ kúnná, wọ́n á wá fọ́n lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sórí eruku dúdú náà. Tó bá ti pọ̀ tó, eruku èédú ò ní lè gbiná mọ́. Kò sí awakùsà tí kò mọ èyí, ó sì ti pẹ́ nínú òfin. Ní Upper Big Branch, èèyàn díẹ̀ ni wọ́n fi sídìí iṣẹ́ yìí, pẹ̀lú ẹ̀rọ ògbólógbòó kan tó máa ń dákú lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì tún máa ń fà wọ́n lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni pé ibi tó yẹ kó funfun ló dúdú. Ojú lásán là á fi rí i.

Ṣé òfin ò tó ni?

Òfin pọ̀. Èèyàn 362 kú ní Monongah, ìpínlẹ̀ West Virginia yìí kan náà, lọ́dún 1907. Ọdún 1910 ni ìjọba dá ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ ìwakùsà sílẹ̀. Ọdún 1968, èèyàn 78 kú ní Farmington. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òfin ààbò ńlá jáde. Ọdún 1976, èèyàn 26 kú ní Scotia ní Kentucky láàárín ọjọ́ mẹ́ta, alábẹ̀wò ìjọba mẹ́ta sì wà lára wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni òfin ọdún 1977 dé, òun ló bí MSHA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ààbò àwọn awakùsà.

Òfin yẹn ní kí alábẹ̀wò wọ gbogbo ibi ìwakùsà abẹ́ ilẹ̀ nígbà mẹ́rin lọ́dún, kó yẹ ibẹ̀ wò tinú-tòde. Ó ní ẹni tó bá ta àwọn ará ibẹ̀ lólobó pé alábẹ̀wò ń bọ̀ ti dẹ́ṣẹ̀. Ìyà ẹ̀ṣẹ̀ náà, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó pẹ́ jù, tàbí $1,000, tàbí méjèèjì. $1,000! Fún ilé iṣẹ́ tó ń ta èédú bílíọ̀nù dọ́là.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé alábẹ̀wò ti dé?

Ẹni tó bá gbọ́njú bá àwọn wolé-wolé á mọ ibi tí mò ń lọ. Kí ọkùnrin onísòkòtò kaki yẹn tó yọ ní kọ̀rọ̀, ọmọdé kan á ti sáré wọlé: "Wolé-wolé ń bọ̀ o!" Kíá, ìyá ti da omi àmù tó ní tanwíji nù, ẹnì kan ti gbá ẹ̀yìnkùlé, ẹnì kan ti fi páànù bo ojú gọ́tà. Ìgbà tí wolé-wolé á fi kan ilẹ̀kùn, ilé ti mọ́ tónítóní. Tó bá ti kọjá sí ojúlé kejì, kálukú padà sídìí nǹkan rẹ̀.

Bó ṣe rí ní Upper Big Branch nìyẹn. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì á rí ọkọ̀ MSHA, á gbé rédíò ọwọ́ rẹ̀, á sọ gbólóhùn kan tó yé gbogbo wọn. Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì gbọ́, wọ́n á tẹ àwọn tó wà nísàlẹ̀ láago. Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ jìn; kí alábẹ̀wò tó dé ìdí iṣẹ́, ó máa gbà á tó wákàtí kan nígbà mìíràn. Àkókò yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ á fi ta aṣọ tó ń darí atẹ́gùn padà sí àyè rẹ̀, wọ́n á fọ́n ẹfun síbi tí ojú máa kọ́kọ́ rí, tàbí kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ló jẹ́rìí sí èyí ní kóòtù.

Ìwé méjì tún wà. Ọ̀kan ni òfin ní kí wọ́n máa kọ àléébù ibẹ̀ sí, òun ni alábẹ̀wò máa ń rí. Èkejì jẹ́ ti àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ nìkan. MSHA rí i lẹ́yìn ìbúgbàmù náà pé àwọn ewu kan wà nínú ti ọ̀gá tí kò sí nínú ti òfin.

MSHA ń kọ̀wé ẹ̀sùn fún wọn ṣáá. Kí ló dé tí wọn ò ti ibẹ̀ pa?

Ìbéèrè tó gba àròjinlẹ̀ jù nìyí. Lọ́dún 2009 nìkan, ìwé ẹ̀sùn àti àṣẹ tí Upper Big Branch gbà jẹ́ 515. Ìgbà 48 ni wọ́n pàṣẹ kí òṣìṣẹ́ kúrò ní apá kan ibẹ̀ nítorí ewu, bẹ́ẹ̀ iye yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 19 ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ìjọba ò mọ̀, irọ́ ló pa.

Òfin ọdún 1977 fún MSHA ní idà kan: ilé iṣẹ́ tó bá ń rú òfin lárúútúnrú, wọ́n lè gbé e sí abẹ́ ìṣọ́ líle, tó fi jẹ́ pé nígbàkigbà tí wọ́n bá tún rí àléébù ńlá, òṣìṣẹ́ á kó jáde, owó á dúró. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe ìlànà lílo idà náà fi ihò kan sílẹ̀: ẹ̀sùn tí ẹjọ́ rẹ̀ kò bá tíì parí, wọn kì í kà á mọ́ ilé iṣẹ́ lọ́rùn. Kí ni agbẹjọ́rò tó gbọ́n máa ṣe? Ó máa pe gbogbo ẹ̀sùn lẹ́jọ́. Lẹ́yìn tí òfin tuntun fi kún owó ìtanràn lọ́dún 2006, bí àwọn ilé iṣẹ́ èédú káàkiri ṣe ń ṣe nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010, bíi 16,000 ẹjọ́ ló ti wó jọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ọ. Ẹjọ́ ò parí, ẹ̀sùn ò kà, idà ò jáde nínú àkọ̀.

Ohun tó tún wá dun èèyàn ni pé nígbà tí MSHA ń ṣe àkójọ àwọn tó yẹ kó gba ìwé ìkìlọ̀ ní ìparí ọdún 2009, àṣìṣe kọ̀ǹpútà yọ orúkọ Upper Big Branch kúrò. Ó di oṣù kẹrin ọdún 2011, ọdún kan lẹ́yìn ìbúgbàmù, kí àjọ náà tó kọ́kọ́ fa idà náà yọ dé òpin fún ibi ìwakùsà kankan. Láti 1977!

Àwọn òṣìṣẹ́ ńkọ́? Ṣé wọn ò lè kọ̀ ni?

Òfin gbà wọ́n láàyè. Ebi ni kò gbà. Kò sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní Upper Big Branch, iṣẹ́ mìíràn tó ń san irú owó yẹn ò sì sí ní àfonífojì náà. Nínú ìwé kan tí ọ̀gá àgbà Massey, Don Blankenship, kọ sí àwọn alábòójútó rẹ̀ lọ́dún 2005, ó ní bí ẹnikẹ́ni bá ní kí wọ́n ṣe ohunkóhun yàtọ̀ sí wíwa èédú, kí wọ́n má dá a lóhùn, nítorí èédú ló ń san gbèsè. Ó kọ òmíràn lẹ́yìn náà pé ààbò ló ṣáájú. Èwo ni ẹ rò pé àwọn èèyàn gbà gbọ́? Gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ìròyìn iye èédú tí wọ́n wà jáde ń dé ọwọ́ rẹ̀.

Níbo ni òṣèlú ti wọ ọ̀rọ̀ yìí?

Ẹ jẹ́ ká fi èédú sílẹ̀ díẹ̀, ká wọ kóòtù.

Ní West Virginia, ìbò ni wọ́n fi ń yan adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà. Lọ́dún 2002, ìgbìmọ̀ ará ìlú tó gbọ́ ẹjọ́ òwò kan ní kí Massey san $50 mílíọ̀nù fún Hugh Caperton, ọ̀gá ilé iṣẹ́ èédú kékeré kan. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ló kàn. Lọ́dún 2004, kí ẹjọ́ yẹn tó débẹ̀, Blankenship ná $3 mílíọ̀nù láti lé adájọ́ kan, Warren McGraw, kúrò lórí àga, kí Brent Benjamin lè débẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà gba ọwọ́ ẹgbẹ́ kan kọjá tó ní nítorí àwọn ọmọdé lòun ṣe ń jà. Benjamin wọlé. Lọ́dún 2007, ẹjọ́ Massey dé iwájú wọn. Wọ́n ní kó yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ẹjọ́ náà, ó ní rárá, òun ò ní ṣe ojúsàájú. Adájọ́ mẹ́ta sí méjì: wọ́n wọ́gi lé $50 mílíọ̀nù náà. Benjamin wà lára àwọn mẹ́ta.

Ẹnu jẹ, ojú tì. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán.

Lẹ́yìn náà ni fọ́tò jáde: Blankenship àti adájọ́ mìíràn ní kóòtù yẹn kan náà, Spike Maynard, níbi tí wọ́n jọ ń gbafẹ́ létí òkun ní gúúsù Faransé. Maynard yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ẹjọ́, wọ́n tún un gbọ́, Massey tún borí, Benjamin ṣì wà níbẹ̀. Ó di oṣù kẹfà ọdún 2009 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà tó sọ, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin, pé kò yẹ kí Benjamin dá sí i. (Mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Mo máa ń tún un kà lẹ́ẹ̀mejì.) Ẹjọ́ padà sí West Virginia láìsí Benjamin, Massey tún borí ní oṣù kọkànlá. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni iná sọ ní Montcoal.

Ẹjọ́ òwò ni, kì í ṣe ẹjọ́ ààbò. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sípò alábẹ̀wò kan tó ń gbé nítòsí ibẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ àti ọmọ awakùsà jọ ń lọ sílé ìwé kan náà. Ẹ mú bírò lọ́wọ́, ẹ fẹ́ kọ ẹ̀sùn fún ilé iṣẹ́ ọkùnrin tó lè fi $3 mílíọ̀nù gbé adájọ́ gorí àga. Ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, ọkùnrin náà kó èrò jọ síbi àpèjọ kan ní West Virginia, ó gba gbohùngbohùn, ó ní yẹ̀yẹ́ ni kí àwọn olóṣèlú Washington máa sọ pé ọ̀rọ̀ ààbò awakùsà jẹ wọ́n lógún ju ti ilé iṣẹ́ lọ.

Àwọn ọ̀gá MSHA fúnra wọn ńkọ́?

Ààrẹ ló ń yan ọ̀gá MSHA. Lábẹ́ George W. Bush, David Lauriski ni wọ́n kọ́kọ́ fi síbẹ̀, ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá nílé iṣẹ́ èédú. Richard Stickler náà ti inú ilé iṣẹ́ èédú wá. Àwọn aṣòfin àgbà ò fọwọ́ sí i, Bush bá dúró dìgbà tí wọ́n lọ ìsinmi, ó fi í jẹ. Obama yan Joe Main, tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ààbò nínú ẹgbẹ́ awakùsà. Lọ́dún 2017, Trump yan David Zatezalo, ọ̀gá àgbà Rhino Resources tẹ́lẹ̀, ilé iṣẹ́ tí MSHA ti kọ ìwé ìkìlọ̀ sí rí nítorí rírú òfin lárúútúnrú.

Mi ò sọ pé ẹni tó mọ iṣẹ́ ò lè ṣọ́ iṣẹ́. Ọdẹ tó ti pẹyẹ rí ló mọ ibi tí ẹyẹ ń sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé òun á padà sílé iṣẹ́ yẹn lọ́la, báwo ló ṣe máa fọwọ́ gbá wọn tó lónìí?

Kí n má sì purọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Obama ló wà lórí àga nígbà tí Upper Big Branch bú gbàmù, Joe Main sì ni ọ̀gá MSHA. Ìgbìmọ̀ olómìnira tó yẹ iṣẹ́ àjọ náà wò kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 2012 pé ká ní MSHA lo agbára rẹ̀ lásìkò ni, ó ṣeé ṣe kí ìbúgbàmù náà má ṣẹlẹ̀.

Ta ló lọ sẹ́wọ̀n?

Olórí ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀, tó purọ́ fún àwọn olùwádìí tó sì fẹ́ da ìwé nù, gba ọdún mẹ́ta. Alábòójútó kan gba oṣù 21. Ọ̀gá kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ Massey yòókù gba oṣù 42. Blankenship? Ọdún kan àti $250,000, ní oṣù kẹrin ọdún 2016. Ìyẹn ni ó pọ̀ jù tí òfin gbà.

Òótọ́ ni pé títí di ìgbà yẹn, ọ̀gá àgbà ńlá ilé iṣẹ́ èédú kan ò tíì jẹ̀bi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí òfin ṣe wọn ọ̀rọ̀ yìí. Fífi ẹ̀mí awakùsà wewu mọ̀ọ́mọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ni, ọdún kan. Ẹ̀sùn tó lè gbé e sẹ́wọ̀n ọ̀pọ̀ ọdún ni pé ó purọ́ fún àwọn tó ra ìpín ìdókòwò Massey nípa ààbò, wọ́n sì dá a láre lórí ìyẹn. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì wá pẹ́ lẹ́wọ̀n ju ẹni tó ń pàṣẹ lọ.

Blankenship máa ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, wọ́n sì gbé ohùn náà sí àwọn èèyàn létí ní kóòtù. Níbì kan, ó ní bóyá bí kò bá sí MSHA, àwọn ì bá ti bú ara àwọn gbàmù.

Kí ni Blankenship sọ pé ó fa ìbúgbàmù náà?

Ó ní gáàsì ló ṣàdédé tú jáde láti inú ilẹ̀, àti pé MSHA ló fi tipátipá yí ètò atẹ́gùn ibẹ̀ padà. Ìwádìí mẹ́rin tí ilé iṣẹ́ náà ò lọ́wọ́ sí ló jáde, ti ìgbìmọ̀ tí gómìnà ní kí Davitt McAteer darí, ti ẹgbẹ́ awakùsà, ti MSHA àti ti ìpínlẹ̀, kò sí èyí tó dá eruku èédú náà sílẹ̀. Lọ́dún 2018, ó jáde láti du ipò aṣòfin àgbà. Ipò kẹta ló wà nínú ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Republican.

Ṣé òfin yí padà lẹ́yìn ìyẹn?

Díẹ̀. Àbádòfin kan tí wọ́n fi orúkọ Robert Byrd, olóògbé aṣòfin àgbà West Virginia, sọ ì bá ti sọ mímọ̀ọ́mọ̀ rú òfin ààbò di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Ó dé iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní oṣù kejìlá ọdún 2010, àwọn tó fọwọ́ sí i pọ̀ ju àwọn tí kò fọwọ́ sí i lọ, ṣùgbọ́n ìdá méjì nínú mẹ́ta ni wọ́n nílò lọ́jọ́ náà, wọn ò sì pé bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ló kú sí.

MSHA wá tún ilé rẹ̀ ṣe níwọ̀n tí agbára rẹ̀ dé. Lọ́dún 2013, ó dí ihò tí mo sọ lókè yẹn: ẹ̀sùn á máa kà bí ẹjọ́ kò tilẹ̀ tíì parí. Ìwọ̀n ohun tí kì í gbiná nínú eruku gbọ́dọ̀ tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé àwọn alábẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí wọn lójijì, tí wọ́n bá ti dé, tẹlifóònù ni wọ́n á kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ wọn. Awakùsà èédú 48 ló kú ní gbogbo Amẹ́ríkà lọ́dún 2010. Lọ́dún 2016, 8 ni. Lóòótọ́, iṣẹ́ èédú náà ti dín kù.

Ṣé Amẹ́ríkà nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀?

Rárá o. Ní Soma, orílẹ̀-èdè Turkey, àwọn ẹgbẹ́ alátakò ní kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wádìí ewu àwọn ibi ìwakùsà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba dá ìmọ̀ràn náà nù ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 2014. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, èèyàn 301 kú. Ní Westray, ní Nova Scotia lórílẹ̀-èdè Kánádà, owó ìjọba ló gbé ibi ìwakùsà náà dìde, àwọn olóṣèlú sì fẹ́ kó yọrí dandan. Èèyàn 26 kú ní oṣù karùn-ún ọdún 1992, kò tó ọdún kan tí wọ́n ṣí i. Òkú mọ́kànlá ṣì wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ níbẹ̀ títí di òní.

Mo gbọ́ pé àyẹ̀wò òkú fi nǹkan mìíràn hàn.

Bẹ́ẹ̀ ni. Nínú àwọn 29 yẹn, 24 ni ẹ̀dọ̀fóró wọn ṣì ṣeé yẹ̀ wò. Àrùn tí eruku èédú ń fà ti wà lára 17 nínú wọn kí iná tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn kan nínú wọn ò tíì lo ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́ náà. Òfin wà lórí eruku yìí náà láti 1969. MSHA ṣe òmíràn lọ́dún 2024, lórí eruku òkúta tó máa ń bá ti èédú jáde. Ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ibi ìwakùsà èédú ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Àwọn ilé iṣẹ́ gbé e lọ sí kóòtù, kóòtù sì dá a dúró.

Ẹni tó kéré jù nínú àwọn 17 yẹn, ọmọ ọdún 25 ni.